Kókó inú pituitary lẹ́yìn jẹjẹrẹ kíndìnrín: ṣé adenoma ni, àbí jẹjẹrẹ àtijọ́ ló rìn dé orí?

Dókítà_Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ooru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan tó wà lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀fà. Ọkùnrin ni, ẹni ọdún 61, ó wọn 68 kg. Ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n yọ kíndìnrín rẹ̀ òsì nítorí jẹjẹrẹ. Clear cell ni ìwé àbájáde ìgbà náà pè é. Kò gba oògùn kankan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara rẹ̀ sì le títí di ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn tí orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ojú. Kò pẹ́ tí ìpéǹpéjú òsì fi wálẹ̀, ó wá ń rí ènìyàn kan ní méjì. Ó ń rẹ̀ ẹ́, oúnjẹ kò wù ú jẹ, ó ń bì. Metoclopramide ló ń lò fún èébì náà.

MRI orí tí wọ́n ṣe ní Ìlọrin rí kókó 26 mm nínú pituitary (ẹ̀yà kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń ṣe họ́mónù), wọ́n sì kọ "pituitary macroadenoma" sí i, ìyẹn kókó ńlá tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀: prolactin (họ́mónù omi ọmú) 68 ng/mL, TSH (họ́mónù tí pituitary fi ń darí thyroid) 1.4, PCV 31. Kò sí ẹni tó béèrè FT4 (họ́mónù thyroid fúnra rẹ̀) tàbí cortisol (steroid tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀).

Ibi tó wá dojú rú nìyí. Wọ́n fi dexamethasone, oògùn steroid, 4 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ sí i nítorí orí fífọ́. Orí rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní ọjọ́ kẹta ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ń jí lóru, omi tútù nìkan ló sì ń wù ú mu. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 7.9 mmol/L, ni wọ́n bá ní dexamethasone ti fún un ní àtọ̀gbẹ, wọ́n kọ metformin. Mo ti ti Combi (pépà àyẹ̀wò ìtọ̀) bọ ìtọ̀ náà fúnra mi: kò sí ṣúgà níbẹ̀, SG (bí ìtọ̀ ṣe ki sí) 1.005.

Ìbéèrè mi: ṣé ṣúgà ló ń fa ìtọ̀ yìí? Ṣé prolactin 68 tó láti bẹ̀rẹ̀ cabergoline, oògùn tó ń rẹ prolactin sílẹ̀? Báwo la sì ṣe ń dá adenoma lásán mọ̀ yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wá, kí a tó dé tíátà? Ààwẹ̀ kù díẹ̀, bàbá sì ní òun kò ní jẹ́ kí ọjọ́ kan bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

---

Ẹ̀gbọ́n_Họ́mónù

Dókítà, ẹ kú làálàá. Ẹ má kọ cabergoline, ẹ sì dá metformin yẹn dúró ná. Ìtọ̀ ọkùnrin yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé, òun ló mọ̀nà ilé.

Ṣúgà kì í dà sínú ìtọ̀ àfi tó bá kọjá nǹkan bí 10 mmol/L nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn 180 mg/dL. 7.9 kò dé ibẹ̀, Combi yín náà sì ti jẹ́rìí pé kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀. Ṣúgà tí kò bá sí nínú ìtọ̀ kò lè fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ẹ wá wo SG. Bí ẹ bá fi 35 ṣe ìlọ́po nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, ẹ ó rí bí ìtọ̀ náà ṣe nípọn tó: 5 ní ọ̀nà 35 jẹ́ 175 mOsm/kg. Ìṣírò ojú lásán ni o, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí láàbù kò bá ti ní ẹ̀rọ osmolality. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó báyìí, tó yẹ kí ìtọ̀ rẹ̀ ki bí ẹmu ògùrọ̀, omi òjò ló ń tọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ kan ṣoṣo yẹn kò gbọ́ àṣẹ pé kó dá omi dúró.

Àṣẹ náà ni vasopressin, ẹ̀yìn pituitary ló sì ti ń jáde. Àìsí rẹ̀ ni a ń pè ní diabetes insipidus tẹ́lẹ̀. Ní 2022 ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn họ́mónù lágbàáyé yí orúkọ náà padà sí arginine vasopressin deficiency, nítorí pé ọ̀rọ̀ "diabetes" ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ṣúgà ló ń bá aláìsàn jà, tí wọ́n á wá fa ọwọ́ oògùn rẹ̀ sẹ́yìn. "Àtọ̀gbẹ" ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti ń tọ̀ púpọ̀, ìka rẹ̀ la máa gún. Bí nọ́ńbà bá dáa, a ní kó máa lọ sílé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta dexamethasone ni? Kíndìnrín nílò cortisol kó tó lè tú omi dànù dáadáa. Nígbà tí iwájú pituitary ti bàjẹ́ tí cortisol sì ti lọ sílẹ̀, omi dúró sára, a kò wá rí i pé vasopressin náà ti tán. Ẹ fún un ní steroid, ọ̀nà omi ṣí, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀. Dexamethasone kò dá àìsàn kankan sílẹ̀ níbí yìí, aṣọ ló ká kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí èyí ń sọ fún yín ni pé iwájú àti ẹ̀yìn pituitary náà ló ti bàjẹ́ pa pọ̀.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ adenoma yẹn gbọ́. Adenoma tí a kò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó ṣọ̀wọ́n kó fa irú ìtọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún kò tó. Kókó pituitary tó bá gbé ìtọ̀ dání wá, jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wá ni kó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, lẹ́yìn náà ẹ ro craniopharyngioma àti germinoma (kókó mìíràn tó ń hù ní agbègbè ibẹ̀), hypophysitis (pituitary tó wú), sarcoidosis (àìsàn tó ń mú ẹ̀yà ara wú), àti TB tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti gba oògùn immunotherapy fún jẹjẹrẹ, irú ipilimumab, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè mú kí pituitary wú.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé iwájú pituitary, àlòkù ni: ó ti kọ́kọ́ gba hypothalamus, apá ọpọlọ tó ń darí pituitary, kọjá. Ti ẹ̀yìn rẹ̀ ń bọ̀ tààrà láti ara carotid, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn, nípasẹ̀ inferior hypophyseal artery. Jẹjẹrẹ tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ilé tó kọjú sí títì ló máa kọ́kọ́ yà. Ti ọmú àti ti ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ jù, àwọn méjèèjì kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ti kíndìnrín, prostate, thyroid, melanoma, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ṣọ̀wọ́n, àmọ́ wọ́n wà. Ti kíndìnrín ló tún burú ní ti oorun gígùn: ọdún méje kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti lọ, ó lè jí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Prolactin. Prolactinoma tó bá tóbi tó 26 mm, ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀ ni prolactin rẹ̀ yóò jẹ́, ó sábà máa ń wọ ẹgbẹ̀rún. 68 yìí, okùn tí pituitary fi rọ̀ mọ́ ọpọlọ ni kókó náà tẹ̀, dopamine kò ráyè sọ̀ kalẹ̀ láti kó prolactin níjàánu. Metoclopramide tí ó ń lò náà ń gbé e sókè. Ohun kan ṣoṣo tó kù kí ẹ ṣe ni kí láàbù fi omi là á ní 1:100 kí wọ́n tún un wò, nítorí pé prolactin tó bá pọ̀ jù lè bo ẹ̀rọ lójú kó sì jáde bíi pé ó kéré. Bí ó bá tún wà ní nǹkan bí 68, ọ̀rọ̀ parí. Ewu cabergoline níbí yìí ni pé prolactin yóò wálẹ̀ lóòótọ́, gbogbo wa á máa yọ̀, kókó yóò sì máa dàgbà lábẹ́ ayọ̀ náà.

TSH 1.4 kò tù mí nínú rárá. Pituitary tó ń ṣàìsàn ni ẹ ń bi léèrè bóyá thyroid ń ṣiṣẹ́. FT4 ni kí ẹ béèrè. Bí ó bá wálẹ̀, steroid gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ kí levothyroxine tó wọlé. Bí ẹ bá yí i padà, levothyroxine yóò sun ìwọ̀nba cortisol tó kù, ó sì lè dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Cortisol ti bọ́ lọ́wọ́ yín báyìí, dexamethasone ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ bá rí kò ní sọ òótọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀, kí abẹ́rẹ́ steroid àkọ́kọ́ tó wọlé, ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn: bí kò bá tó 3 µg/dL kò sí cortisol, bí ó bá kọjá 15 ó tó, àárín méjèèjì ló ń fẹ́ àyẹ̀wò mìíràn. Fún obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù, FSH nìkan jẹ́ ẹ̀rí olówó pọ́ọ́kú: ó yẹ kó ga, bí ó bá wálẹ̀, pituitary ti rẹ̀.

Lónìí, ẹ ṣe E/U/Cr (iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín) àti calcium, kí ẹ sì kó ìtọ̀ wákàtí 24 jọ. Calcium ṣe pàtàkì nítorí jẹjẹrẹ kíndìnrín lè gbé e sókè, calcium tó ga tàbí potassium tó wálẹ̀ sì lè di kíndìnrín létí kó má gbọ́ vasopressin tó wà nílẹ̀. Ẹ má dán àyẹ̀wò àìmumi wò (kí a fi omi dù ú, kí a wo bóyá ìtọ̀ rẹ̀ yóò ki) bí sodium bá ti kọjá 145. Ara rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò náà fún yín.

---

Awo_Fọ́tò_Orí

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ họ́mónù tán. Èmi ń bọ̀ lórí fọ́tò. Dókítà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù MRI náà ná. Bí ó bá jẹ́ "headache, ?SOL" (orí fífọ́, bóyá kókó wà lórí) lásán ni, tí kò sí kíndìnrín tí wọ́n yọ níbẹ̀, adenoma ni ẹnikẹ́ni tó bá ka fọ́tò yẹn yóò kọ, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ihò egungun tí pituitary wà. Ẹ gba CD, kí wọ́n tún un kà pẹ̀lú ìtàn tó pé.

Ẹ tún bi wọ́n bí wọ́n ṣe gé e. Pituitary tí kò ṣàìsàn kì í ga tó 10 mm. MRI orí gbogbogbòò tó ń gé 5 mm 5 mm, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tí ẹ nílò ni MRI sella, ìyẹn ti ihò yẹn gan-an: gígé 3 mm tàbí kó kéré sí i, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú, T1 ṣáájú gadolinium (dye MRI), T2, lẹ́yìn náà T1 pẹ̀lú gadolinium. T1 àti T2 jẹ́ oríṣi fọ́tò MRI méjì. Bí wọ́n bá fo T1 àkọ́kọ́ yẹn, ohun méjì ti sọnù: àmì funfun ẹ̀yìn pituitary, àti ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú kókó.

Àmì funfun yẹn ni ibi tí vasopressin wà ní ìpamọ́. Ó máa ń sọnù lára àwọn arúgbó kan tí nǹkan kan kò ṣe, nítorí náà àìsí rẹ̀ nìkan kò dá ẹjọ́. Àmọ́ bí ó bá wà tó ń tàn, tí ẹ sì ní vasopressin ti tán, ẹ tún ìtọ̀ wọ̀n.

Egungun ló ń sọ òótọ́ jù fún mi. Ará Ìlọrin mọ gàárì ẹṣin. Ihò tí pituitary jókòó sí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Adenoma a máa lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀, á fẹ gàárì náà, á mú kó tínrín, etí rẹ̀ á sì máa dán. Jẹjẹrẹ tó sáré dé kò ráyè fẹ nǹkan kan: kókó tóbi, gàárì kò tóbi tó o, etí egungun sì rí wúruwùru bí ohun tí eku jẹ. CT egungun, gígé 1 mm, ló ń fi èyí hàn jù, kò sì nílò dye kankan. Ẹ wo okùn pituitary náà bóyá ó nípọn. Ìbàdí tó fún ní àárín kókó, tí àwọn kan ń kà sí àmì jẹjẹrẹ, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Adenoma náà ń ní i nígbà tó bá gba ojú ihò òkè yọrí.

Fún ti kíndìnrín gan-an: ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Lórí T2 ẹ lè rí ìlà dúdú tó ń lọ́ bí ekòló, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré ni wọ́n. Á mu gadolinium yó, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Funfun lórí T1 ṣáájú gadolinium lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ melanoma. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná rẹ̀, ibẹ̀ ni melanoma fẹ́ràn lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Adenoma lè wọ cavernous sinus, àyè ẹ̀gbẹ́ pituitary tí iṣan tó ń darí ojú ń gbà kọjá, kó má pa iṣan ojú kankan. Bí ó bá pa á lójijì, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ pé ó ya sínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ yẹ bí ó ṣe ń ríran sí ẹ̀gbẹ́ wò lójoojúmọ́, ìdérí igò ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa kan ti tó. Ẹ jókòó kọjú síra yín, kó di ojú kan, kí ẹ rọra mú ìdérí náà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, kó sọ ìgbà tó pupa. Bí pupa bá ń ṣì lójú rẹ̀ níhà etí lójú méjèèjì, kókó ti gun oríta tí iṣan ojú méjèèjì ti ń kọjá ara wọn, kò sì sí àyè ìdúró mọ́. Bí kò bá sí ìyẹn, MRI mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lè fi ìyàtọ̀ hàn: adenoma kì í sún kúrò lójú kan láàárín ìgbà yẹn.

CT àyà, ikùn àti ìbàdí náà ṣe kókó. Ìdí ni pé bí kókó mìíràn bá wà níbi tí abẹ́rẹ́ lè dé, ibẹ̀ ni kí a ti gé ẹran yẹ̀ wò, kí a fi orí sílẹ̀. Kíndìnrín kan ló ní, nítorí náà ẹ mú eGFR (nọ́ńbà tó ń fi agbára kíndìnrín hàn) dání lọ.

---

Àǹtí_Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà. Ẹ̀yin ẹ ti sọ pé kí wọ́n kó ìtọ̀ wákàtí 24 jọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún MÉJÌ ni kí ẹ wá, ẹyọ kan kò ní gbà á. Ẹ fọ̀ wọ́n kí òróró kankan má kù. Ẹ fi ìgò 50 cl rọ omi sí i, kí ẹ máa fi pílásítà sàmì sí i lára ní gbogbo ìgò méjì, ìyẹn lítà kan, kí ẹ tó da omi náà nù. Aago mẹ́fà àárọ̀, kó tọ̀, kí ẹ DA A NÙ. Láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀ wọ kẹ́ẹ̀gì, títí kan ti aago mẹ́fà ọjọ́ kejì. Àwọn tó ń kó ti àárọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, wákàtí ọgbọ̀n ni wọ́n kó jọ. Èyí tó máa ń sọnù jù ni ti ìgbà tó bá lọ yàgbẹ́. Kó kọ́kọ́ tọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì kó tó jókòó. Ẹ kọ omi tó mu náà sílẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láràárọ̀ lórí ìwọ̀n kan náà.

Ọ̀rọ̀ tíátà. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé iṣẹ́ abẹ tàbí ti CT, ẹnì kan yóò kọ "NPO" (kó má jẹ, kó má mu) sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ọ̀gànjọ́ òru. Ẹni tó ń tọ lítà méje lójúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, lítà méjì ti jáde lára rẹ̀ tí kò sí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Sodium á gòkè, orí á dà rú, wọ́n á ní kókó ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú fóldà pé a kò gbọ́dọ̀ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí drip tí dókítà kọ, àti pé steroid rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fo àkókò kan.

Desmopressin ni oògùn tó ń rọ́pò vasopressin. Èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ń fẹ́ fíríìjì, 2 sí 8 lórí ìwọ̀n ooru. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fín símú náà bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú iná tiwa, ẹ bèèrè oníhóró. Ẹ fi í sínú ìgò rẹ̀, kí omi má kàn án.

Ààwẹ̀: ẹ bá àáfà tó gbọ́ràn sí lẹ́nu sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, ó wà nínú Súrà Bàkárà. Ẹ ṣàlàyé fún un pé àìmumi láti sààrì di ìṣínu, àyẹ̀wò tí Ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ má dán wò lókè yẹn gan-an ni, tí kò ní sí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà nítòsí.

---

Dókítà_Ọ̀fà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àbájáde ti dé. Ìtọ̀ wákàtí 24: lítà 7.4. Sodium 149, potassium 3.9, urea 6.2, calcium dáa. Ṣúgà ṣì jẹ́ 7.9. Prolactin tí wọ́n là ní 1:100 jẹ́ 71. FT4 6.8 pmol/L, ó wálẹ̀ gan-an. CT àyà rí kókó wínníwínní méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró, 6 mm àti 8 mm. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kò lè mú wọn. Ìdérí pupa náà ti ń ṣì lójú méjèèjì níhà etí láti àná. Wọ́n ti gbà á sílé ìwòsàn ní Ìlọrin, àwọn oníṣẹ́ abẹ orí sì fẹ́ gba imú wọlé. Kí ló yẹ kí n sọ fún wọn?

---

Ẹ̀gbọ́n_Họ́mónù

Ìlọ́po méjì sodium, ẹ ro ṣúgà àti urea mọ́ ọn: 298, 7.9, 6.2, ó di 312. Ẹ̀jẹ̀ ti ki tó báyìí, ìtọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bí 175. Lítà 7.4 fún 68 kg jẹ́ 109 ml fún kilo kan. Láti 50 ló ti ń pọ̀ jù. Ó ti dájú.

Desmopressin oníhóró 100 µg kan lálẹ́, kí wọ́n wo sodium láàárín wákàtí 24, kí ìwọ̀n oògùn tó gòkè. Kí sodium má wálẹ̀ ju 10 lọ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, jàǹbá tó kù ni òdìkejì: ẹni tí òùngbẹ púpọ̀ ti mọ́ lára á ṣì máa mu píọ̀ wọ́tà bí i ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí oògùn ti sé ìtọ̀, sodium á já sí 120, gìrì á mú un. Kó máa mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́ nìkan. Kí wọ́n jẹ́ kí oògùn tán lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó tọ̀ gidi, kó tó lo òmíràn.

Levothyroxine lè bẹ̀rẹ̀ báyìí torí steroid ti wà lára rẹ̀, 25 µg. Nígbà iṣẹ́ abẹ, hydrocortisone 100 mg, lẹ́yìn náà 200 mg fún wákàtí 24.

---

Ọ̀gá_Patọ́

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún pé ẹ rò pé ti kíndìnrín ni, kí wọ́n tó kan kókó yẹn. Adenoma sábà máa ń rọ̀, ó ṣeé ha jáde. Ti kíndìnrín yóò tú ẹ̀jẹ̀ lù wọ́n lójú nínú ihò tí kò fẹ̀ ju ìka lọ. Pẹ̀lú PCV 31, ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹran tó máa ti imú jáde kì í pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń bá ẹ̀rọ afàmu lọ. Kí wọ́n fi àwọ̀n sẹ́nu rẹ̀. Ìgò méjì ni. Ti àkọ́kọ́, ìgò mímọ́ tó ní omi saline díẹ̀, ẹyọ ẹran kékeré kan fún GeneXpert nítorí TB. Èyí kò gbọ́dọ̀ rí formalin. Ìyókù wọ formalin 10% tí wọ́n fi buffer là, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnì kan bu formalin ògidì láti inú jálá, ẹran á le bí awọ bàtà, àwọ̀ àyẹ̀wò kò sì ní mú un. Èkejì ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì gbígbẹ wé e títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí.

Fún àwọ̀ àyẹ̀wò tí a fi ń mọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti wá: PAX8 àti CAIX ń tọ́ka sí kíndìnrín. Synaptophysin, Pit-1, T-Pit àti SF-1 ń tọ́ka sí adenoma. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, PAX8 àti synaptophysin ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Keratin kò lè là wọ́n, adenoma púpọ̀ ń mu CAM5.2, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọ̀ keratin. Ẹ ṣọ́ra fún pańpẹ́ mẹ́ta níbí. TTF-1 tí a fi ń mọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kókó tó bá hù láti ara ẹ̀yìn pituitary fúnra rẹ̀, irú pituicytoma, ń mu ún dáadáa. GATA3 tí a fi ń mọ ti ọmú, adenoma àwọn gonadotroph (sẹ́ẹ̀lì pituitary tó ń ṣe FSH) ń mu ún. Synaptophysin náà, jẹjẹrẹ neuroendocrine láti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun ń mu ún. Bí obìnrin tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú bá ní adenoma lásán, GATA3 nìkan lè sọ ọ́ di ẹni tí jẹjẹrẹ ti ràn dé orí. Kí SF-1 máa bá a rìn.

Jẹjẹrẹ tún lè lọ fìdí kalẹ̀ sínú adenoma tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ti rí i kọ sílẹ̀ nígbà púpọ̀. Nítorí náà kí wọ́n mú láti ibi tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹni tó ń wò ó má sì dúró lórí ègé àkọ́kọ́.

Àmọ́ ohun tó rọrùn jù tí gbogbo ènìyàn ń gbàgbé ni block kíndìnrín ti ọdún méje sẹ́yìn, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi epo-ìda dì pamọ́. Bí ẹ bá gbé slide àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun lábẹ́ máíkírósíkópù, tí sẹ́ẹ̀lì tí inú rẹ̀ mọ́ bí omi àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn bá wà nínú méjèèjì, owó àwọ̀ tí ẹ máa ná á dín kù gan-an.

---

Dókítà_Ọ̀fà

Wọ́n ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ wá block náà lọ́la ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe ti kíndìnrín. Kí ló máa mú dání?

---

Ọ̀gá_Patọ́

Ìwé àbájáde ìgbà náà fúnra rẹ̀, tàbí fọ́tò rẹ̀ tí nọ́ńbà láàbù ti hàn kedere lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Orúkọ nìkan kò ní ràn án lọ́wọ́, Alàgbà Abdullahi pọ̀ jù nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Kó tún gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó wà nídìí rẹ̀ báyìí. Block kan tí kókó wà nínú rẹ̀ àti slide rẹ̀ ni kó gbà, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Kó má gbé block sínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, epo-ìda ni, ooru Ìlọrin yóò yọ́ ọ.